Mítà Inú Mọ́tò Bàbá Wọn

Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa wí pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni, ṣùgbọ́n obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú tó fi mọ́tò sílẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tirẹ̀ náà ni.

Peugeot 504 ni bàbá àwọn ọmọ mi fi sílẹ̀, ọ̀kan nínú èyí tí wọ́n tò pọ̀ ní Kàdúná, níbi tí iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ ní 1975. Nígbà tí mo jókòó opó tán, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, tí a sì ti san gbèsè rẹ̀, àwọn ẹbí ní kí a ta ọkọ̀ náà, kí a pín owó rẹ̀ bí Kùránì ti là á sílẹ̀. Àwọn òbí rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Nítorí náà ìdámẹ́jọ ni tèmi, ìyókù jẹ́ ti àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin àti obìnrin.

Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dára. Inú rẹ̀ ni kò ṣe é fi han ènìyàn. Oòrùn ti la dáṣíbọ́ọ̀dù, aṣọ òrùlé ti wálẹ̀, ìjókòó awakọ̀ ti jẹ, gíláàsì mítà sì ti fọ́. Mẹkáníìkì ní kí n lọ ra àlòkù. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ládìpọ̀ l'Ékòó tàbí Géètì n'Íbàdàn mọ irú ọjà tí mò ń wí, níbi tí wọ́n ti ń tú ọkọ̀ tó ti kú, tí wọ́n ń tà á lẹ́yọ-lẹ́yọ. Èyí tí èmi lọ, n kò ní dárúkọ rẹ̀.

Ohun tí mo kọ́ rè é. Ẹ mú èyí tó bàjẹ́ dání lọ sí ọjà. Ìbòrí inú ilẹ̀kùn iwájú kì í bá ti ẹ̀yìn mu, ti ọ̀tún kì í sì í bá ti òsì mu. Bí ẹ bá ń ra ìjókòó, ẹ dojú rẹ̀ dé, kí ẹ wo sípíríǹgì àti irin tó ń yọ̀ lórí rẹ̀. Aṣọ ṣe é tún rán. Irin tó ti dípẹtà kò ní àǹfààní. Ẹ gbóòórùn kápẹ́ẹ̀tì: bí ó bá ń run bí omi tó ti pẹ́, ẹ fi í sílẹ̀.

Ó wá ku mítà. Ọkùnrin kan gbé ọ̀kan jáde, ó ń dán. Ó ní, "Ìyá, ẹ wo nọ́ńbà yìí, 38,000 kìlómítà péré. Èló ni ti yín kà?" Mo ní 94,000. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní nínú irú ọkọ̀ àtijọ́ yìí, inú mítà ni nọ́ńbà wà, ibi tí mítà bá lọ ni yóò bá a lọ. Ẹni tó bá fẹ́ rà á yóò rò pé mọ́tò náà kò tíì rìn jìnnà, owó ńlá ni yóò sì san.

Ẹ má ṣe rò pé mo kọ̀ lójú ẹsẹ̀. Owó ilé-ìwé àkọ́bí mi wà lọ́kàn mi. Àwọn àgbà sì wí pé òótọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Mo ra mítà náà lọ sílé.

Lóru, oorun kò kùn mí. Mo rántí ọkùnrin tó ń ta oúnjẹ, tí Ànábì wa, ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá a, ti ọwọ́ bọ òkìtì ọjà rẹ̀, tó bá èyí tó tutù nísàlẹ̀, tó sì wí pé ẹni tó bá rẹ́ni jẹ kì í ṣe ara wa. Mítà tí mo rà ni èyí tó gbẹ lókè yẹn. Bí mo bá jẹ èrè irọ́, ìdámẹ́jọ rẹ̀ ni tèmi. Èyí tó kù, ẹnu ọmọ òrukàn ni mo ń fi í sí.

Mo jẹ́ kí wọ́n fi mítà náà sí i, nítorí kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú pípààrọ̀ ohun tó fọ́. Ṣùgbọ́n mo kọ nọ́ńbà méjèèjì sínú ìwé, mo fi í sórí ìjókòó.

Ẹni àkọ́kọ́ yin ìjókòó, ó ka ìwé, ó lọ. Ẹnìkejì náà lọ. Ẹnìkẹta jẹ́ awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì. Ó bi mí pé kí ni mo tún mọ̀ tó ń ṣe ọkọ̀ náà. Mo sọ fún un pé òjò ń wọlé lára rọ́bà gíláàsì iwájú. Ó dá mi dúró lórí owó títí ó fi wálẹ̀, kó tó san án.

Owó náà kò tó. Àjọ mi ni mo fi kún un kí ọmọ tó wọlé ẹ̀kọ́. Ẹ̀yin ará mi, ẹ tún inú mọ́tò yín ṣe kí ẹ tó tà á. Ìmọ́tótó kì í ṣe ẹ̀tàn. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá pààrọ̀, ẹ sọ ọ́. Ọlọ́hun kò ní jẹ́ kí a fi harámù tọ́ ọmọ. Àmín.