Bàbá Tún Fojú Kan Oko

Ọdún kẹta rèé tí orúnkún kò ti jẹ́ kí bàbá mi lè gun òkè lọ sí oko kòkó wọn ní Ìdànrè. Ọ̀dọ̀ wa ní Agége ni wọ́n ń gbé, wọn a sì máa béèrè kòkó bí ẹni ń béèrè ọmọ. Kòkó kò kúkú ṣàjèjì sí Agége: níbí ni J. K. Coker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá Agege Planters' Union sílẹ̀ lọ́dún 1907, àwọn alágbàṣe oko wọn sì wà lára àwọn tó gbé irúgbìn rẹ̀ dé ìhà Oǹdó.

Ní Sátidé kan, àbúrò mi fi Hilux gbé wa. Ọ̀sán ti pọ́n kí a tó dé ẹsẹ̀ òkè. Títì ọ̀dà tán, ó ku àpáta tí òjò ti fọ̀ dán. Ó mú kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa fà pọ̀, ó ń fi jíà kìíní rìn bí ìgbín. Èmi sọ̀kalẹ̀, mò ń júwe ibi tí táyà yóò tẹ̀. Lójijì, táyà òsì yọ̀, òkúta sì yí lọ sí ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

“Bàbá, ẹ jẹ́ ká padà.”

Wọ́n na ọ̀pá sí ọ̀tún. “Ọ̀hún ni kí ẹ gbà. Àpáta ibẹ̀ kì í yọ̀.”

Òótọ́ ni. Nígbà tí a dé òkè, a ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, àbúrò mi sì la èso kòkó kan fún wọn. Wọ́n ń mu omi rẹ̀, ojú wọn ń lọ káàkiri oko.

“Ta ló jẹ́ kí àfòmọ́ bo àwọn igi yẹn?”

Bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀, tí jíà kìíní ń dá ọkọ̀ dúró ju búréèkì lọ, iye alágbàṣe tí a ó háyà ni wọ́n ń ṣírò.