Owó irin ni wọ́n fẹ́ẹ́ fi ra mọ́tò Bàbá Tíṣà, àfi ìgbà tí onífọ́tò dá sí i

Ẹni tó bá rò pé kéèyàn kàn na fóònù síwájú mọ́tò, kó tẹ̀ ẹ́, kó sì máa lọ náà ni wọ́n ń pè ní fọ́tò yíyà, kó lọ bi ọmọ Bàbá Tíṣà kan n'Ìbàdàn léèrè. Ohun tójú ọkùnrin náà rí lórí Peugeot 504 bàbá ẹ̀ kì í ṣe kékeré. Mọ́tò gidi ló wà nílẹ̀ o, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ò lárùn kankan, ṣùgbọ́n fọ́tò tọ́mọ náà yà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ di irin àlòkù lójú ayé.

Bọ́rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ ni pé ojú Ìyá, ìyẹn ìyàwó Bàbá Tíṣà, ń ṣú sí i lójoojúmọ́. Dókítà ní àfi kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, kí wọ́n má sì jẹ́ kó pẹ́. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ bí owó ìfẹ̀yìntì tíṣà ṣe máa ń rí. Ni Bàbá bá ní kí wọ́n ta mọ́tò. Ọdún 1981 ni wọ́n ra mọ́tò funfun ọ̀hún ní tuntun, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n tò ní Kàdúná, níbi tí ilé-iṣẹ́ Peugeot ti bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò lọ́dún 1975. Láyé ìgbà yẹn, tíṣà tó bá ń gun 504, kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹnikẹ́ni ládùúgbò. Àfi bí Bàbá ṣe ní kí wọ́n tà á, tí wọ́n sì wọlé lọ láìwẹ̀yìn.

Ọ̀sán gangan lọmọ jáde láti ya fọ́tò. Ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù fọ́kánáísà ni mọ́tò wà, táyà àlòkù ló tò rẹpẹtẹ sẹ́yìn ẹ̀, òpó iná kan sì dúró bíi pé orí mọ́tò ló ti hù. Ọkùnrin náà sún mọ́ mọ́tò dáadáa, ó nàró, ó tẹ fóònù, ó gbé e sórí WhatsApp. Nígbà tí wọ́n wo ohun tó yà, imú mọ́tò wú bí imú ẹni tí oyin ta. Orí ẹ̀ ń tàn yanran débi pé kò ṣeé wò, abẹ́ ẹ̀ sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Lára ilẹ̀kùn, ọmọ Bàbá Tíṣà fúnra ẹ̀ ló hàn rekete, tòun ti ẹ̀wù pupa tó wọ̀.

Èsì tó kọ́kọ́ wọlé ló ba inú ẹ̀ jẹ́ jù. Ẹnì kan béèrè pé, "Ṣé àwọn tó ń ra irin ò tíì dé àdúgbò yín ni?" Ẹlòmíràn dá owó lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó náà ò tó owó táyà mẹ́rin.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló gba ọ̀dọ̀ onífọ́tò kan kọjá, àgbà ọ̀jẹ̀ tó ti ń ya ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ látayé fíìmù. Ó fi fóònù hàn án. Onífọ́tò wò ó títí, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Àbúrò, kì í ṣe mọ́tò lo yà yìí. Oòrùn lo yà, o ya òpó iná, o tún wá ya ara ẹ. Mọ́tò nìkan ni ò sí ńbẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Owó ojú ìyá mi ni mò ń wá."

Bí onífọ́tò ṣe gbọ́ ìyẹn ni ẹ̀rín kúrò lójú ẹ̀. Ó ní kó lọ fọ mọ́tò lálẹ́ Fúráìdé, kó fi aṣọ gbígbẹ nu gbogbo ara ẹ̀ kí ẹ̀kán omi má baà fi àmì funfun sílẹ̀, kó nu táyà, kó sì kó gbogbo pálapàla orí dáṣíbọ́ọ̀dù kúrò. Aago mẹ́fà àárọ̀ Sátidé, kí wọ́n pàdé ní pápá ilé-ẹ̀kọ́ tó wà lókè àdúgbò, òun máa gbàṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́dẹ ibẹ̀.

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán. Aṣọ dúdú ni onífọ́tò wọ̀ látòkè délẹ̀. Ọmọ Bàbá Tíṣà rò pé òkú ló fẹ́ẹ́ lọ sin. "Rárá o," ni onífọ́tò wí. "Ara mọ́tò, dígí ni. Ohunkóhun tó bá kọjú sí i náà ló máa gbé wọ̀. Èèyàn kì í ya ara mọ́tò, ohun tó bá bọ́ sára ẹ̀ lèèyàn máa ń yà. Bó o bá wọ pupa, pupa lo máa rí."

Ìdí nìyẹn tó fi sá fún oòrùn ọ̀sán. Oòrùn ọ̀sán dà bí gílóòbù kékeré kan tó mú janjan, tí wọ́n gbé kọ́ sókè orí mọ́tò. Ibì kan ló máa ń jó, ibi tó kù á ṣókùnkùn. Ṣùgbọ́n kí oòrùn tó yọ, gbogbo ojú ọ̀run ló ń tan ìmọ́lẹ̀, ìmọ́lẹ̀ náà á fẹ̀, á tutù, á sì rọra ṣàn sára mọ́tò bí omi. Ó ní bí ìṣẹ́jú ogún péré ló máa ń dùn jù láàárọ̀, bí ìṣẹ́jú ogún mìíràn sì tún wà nírọ̀lẹ́ lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀. Ẹni tí kò bá lè jí, kó dúró de ọjọ́ tí òjò bá ṣú, nítorí kùrukùru náà máa ń dín oró oòrùn kù. Ọyẹ́ náà dáa, bí èèyàn bá ti lè máa nu eruku.

Lẹ́yìn náà ló wá kan ibi tí mọ́tò máa dúró. Onífọ́tò dojú mọ́tò kọ ibi tí ilẹ̀ ti ń mọ́ bọ̀. Ó wo ẹ̀yìn ẹ̀, ó wo ọ̀kánkán ẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ ọlọ́dẹ kúrò. Ó rí òpó àsíá ilé-ẹ̀kọ́ tó fẹ́ẹ́ hù lórí mọ́tò, ló bá sún ẹsẹ̀ méjì sápá òsì, òpó náà sì bọ́ sí gbangba. Ó ní kí ọmọ Bàbá Tíṣà yí sítiárì díẹ̀, kó jẹ́ pé ojú ríìmù ni kámẹ́rà á máa rí, kì í ṣe ẹ̀yìn táyà.

Ìgbà tó fẹ́ẹ́ yà á gan-an, kò nàró bíi tọmọ yẹn. Ó lóṣòó títí tí kámẹ́rà fi bá iná iwájú mọ́tò dọ́gba. Kò sì sún mọ́ ọn. Ó fà sẹ́yìn gan-an, ó wá fi lẹ́ǹsì fà á mọ́ra. Ó ṣàlàyé pé béèyàn bá sún mọ́ mọ́tò jù, ohun tó wà níwájú á tóbi, ẹ̀yìn á kéré, ìdí tí imú fi wú nìyẹn. Ẹni tó bá jẹ́ fóònù nìkan ló ní, kó fà sẹ́yìn, kó lo ibi tí wọ́n kọ 2 sí. Igun iwájú ló ti kọ́kọ́ yà á, níbi tí ojú mọ́tò àti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kan ti ń hàn pọ̀.

Ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ ò pọ̀, ọwọ́ èèyàn sì máa ń gbọ̀n, nítorí náà ló ṣe gbé kámẹ́rà sórí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ó ní kámẹ́rà kì í mọ funfun yàtọ̀, bí mọ́tò funfun bá kún ojú ẹ̀, eérú ló máa sọ ọ́ dà, dúdú náà á sì fẹ́ẹ́ di eérú. Èèyàn ló máa bá a gbé ìmọ́lẹ̀ sókè díẹ̀ fún funfun, kó sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ fún dúdú. Ó tún de gíláàsì dúdú kan mọ́ ẹnu lẹ́ǹsì, ó ń yí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, títí tí ojú ọ̀run fi kúrò nínú gíláàsì iwájú mọ́tò, tí àga inú ẹ̀ sì hàn kedere.

Ẹni tó mọ 504 mọ̀ pé búùtù ẹ̀ máa ń tẹ̀ wálẹ̀ lójijì bíi pé wọ́n fọ̀bẹ gé e. Ìlà yẹn ò hàn rárá nínú fọ́tò ọ̀sán. Láàárọ̀ yìí, ó yọ ketekete. Ọmọ Bàbá Tíṣà wò ó nínú kámẹ́rà, kò lè sọ̀rọ̀.

Ibi tọ́rọ̀ ti fẹ́ẹ́ dìjà ni ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lápá òsì. Ìsàlẹ̀ ẹ̀ ti dógùn-ún, ó ti lu.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká gba apá kejì nìkan."

"Kí lo máa ṣe fún ẹni tó bá wá láti Èkó? Ṣé o máa fi aṣọ dì í lójú ni?"

Onífọ́tò kúnlẹ̀, ó sì ya ibi tó ti dógùn-ún náà bó ṣe ya ibi tó dáa, láìfi ohunkóhun bò ó. Ó ya ẹ́ńjìnnì, ó ya àga. Nọ́ńbà mọ́tò nìkan ló fi aṣọ bò, torí àwọn oníjìbìtì. Oòrùn ò tíì ga tí wọ́n fi ṣetán.

Kò pẹ́ tí fọ́tò yẹn jáde tí ọkùnrin kan tó fẹ́ràn mọ́tò àtijọ́ fi gbéra l'Ékòó. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn yẹn ló kọ́kọ́ lọ wò. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kàn án, ó ní bó ṣe wà nínú fọ́tò ló ṣe wà yìí, ẹni tí kò bá fi ilẹ̀kùn purọ́ kò ní fi ẹ́ńjìnnì purọ́. Owó tó kà sílẹ̀ tó owó iṣẹ́ abẹ Ìyá, ó sì ṣẹ́ kù.

Bàbá Tíṣà ò béèrè ju ohun kan lọ kí wọ́n tó gbé mọ́tò lọ. Wọ́n ní kí onífọ́tò ya àwọn pẹ̀lú ẹ̀. Ó dúró dìrọ̀lẹ́, ó sì ya Bàbá bí wọ́n ṣe gbọ́wọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, bí wọ́n ṣe dúró gẹ́lẹ́ lọ́dún 1981.

Ọmọ Bàbá Tíṣà ti gbọ́n báyìí. Bẹ́nì kan bá ní òun fẹ́ẹ́ ya mọ́tò fún títà, ohun tó kọ́kọ́ máa ń béèrè ni pé, "Aago mélòó lẹ fẹ́ẹ́ yà á?"

Iṣẹ́ abẹ Ìyá náà yọrí sí rere. Nígbà tí ojú wọn là dáadáa, fọ́tò yẹn ni wọ́n ní kí wọ́n gbé wá. Wọ́n wo mọ́tò, wọ́n wo ọkọ wọn, wọ́n tún padà wo mọ́tò.

"Bàbá wọn," ni Ìyá wí, "ẹ ti darúgbó o! Mọ́tò yìí gan-an ló ṣì jẹ́ ọmọdé."