Ìbéèrè Olùtọ́jú Ilé Ìkàwé Wa
Nígbà tí mo wà ní SS1, olùtọ́jú ilé ìkàwé wa ṣàlàyé àwọn nọ́ńbà tí Melvil Dewey gbé jáde ní 1876 fún títo ìwé. A kọ ọ́ sílẹ̀, a sì gbàgbé. Nígbà tí olùkọ́ Yorùbá ní ká kọ àròkọ lórí ìtàn àròsọ, mo lọ dà á kọ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Òdo ni mo gbà. Ojú tì mí gan-an.

Lọ́jọ́ kan, mo gbé ìwé kíláàsì wa lọ sí yàrá àwọn olùkọ́. Mo gbọ́ tí olùtọ́jú náà ń béèrè pé, “Níbo ni ẹ̀kọ́ mi ti kù díẹ̀ káàtó?”

Olùkọ́ Yorùbá dáhùn pé, “Mà, wọ́n mọ nọ́ńbà lórí, ṣùgbọ́n wọn ò mọ bí wọ́n ṣe máa wá ìwé.”

Olùtọ́jú wa ò bínú. Nígbà tí iṣẹ́ àṣetiléwá mìíràn dé, wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní bébà kékeré, wọ́n ní ká lọ wá ìwé fúnra wa. 896.333 ló wà lórí tèmi. Mo wá a títí tí mo fi dé ibi tí lítíréṣọ̀ Yorùbá wà. Mo ka ìwé méjì, mo sì fi ọ̀rọ̀ ara mi kọ àròkọ.

Báyìí, bí máàkì mi bá kéré, n kì í fi ìwé pamọ́ mọ́. Mo máa ń lọ bá olùkọ́ pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, níbo ni mo ti kù díẹ̀ káàtó?”