Aṣọ Tí Mo Dà Bo Kọ̀ǹpútà

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan bi mí léèrè láìpẹ́ yìí pé kí ni à bá máa pe ohun pẹlẹbẹ onílé-oyin tí ń dá eruku dúró lẹ́nu fáànù kọ̀ǹpútà. Mo ní asẹ́ ni. Ìdáhùn náà kò gba àkókò, ṣùgbọ́n ohun tí mo fi kọ́ ọ kò kéré.

Ararọ̀mí etí òkun, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlàjẹ, ni mo ti ń ṣe ìwádìí nígbà náà. Ẹ̀ka-èdè Ìlàjẹ ń gba fáwẹ̀lì /u/ láyè ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ, èyí tí Yorùbá àjùmọ̀lò kì í ṣe. Orúkọ ìlú Ùgbò jẹ́ ẹ̀rí fún wa. Mo gba ohùn ìyá àgbà kan sílẹ̀ bí ó ti ń dárúkọ ohun èlò ìpẹja lọ́kọ̀ọ̀kan, mo dà á sínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí mo gbé sí ilé ẹ̀gbọ́n mi, mo sì pa ti inú ẹ̀rọ ìgbohùn rẹ́ kí àyè lè wà. Nítorí iyanrìn àti ọyẹ́, mo ká aṣọ àǹkárá ní ìṣẹ́po méjì, mo dà á bo kọ̀ǹpútà náà, ìbáà wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo rò pé mo ń ṣìkẹ́ rẹ̀ ni.

Kò pẹ́ tí fáànù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké, tí iṣẹ́ rẹ̀ ń falẹ̀, tí ó sì ń kú lójijì. Mo dá jẹnẹrétọ̀ lẹ́bi. Nígbà tí kò dìde mọ́, mo gbé e lọ sí Ìgbókọ̀dá. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó tú u wò mi lójú.

"Ẹ má bínú, ọ̀gá. Ṣé ẹ máa ń da nǹkan bò ó ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Nítorí eruku ni."

"Eruku wọlé náà, sà. Atẹ́gùn ni kò wọlé."

Òótọ́ ni. Fáànù iwájú a máa fa atẹ́gùn tútù wọlé, ti ẹ̀yìn a sì máa lé èyí tí ó ti gbóná jáde. Bí ọ̀nà bá dí, ooru a há sínú; ọpọlọ kọ̀ǹpútà a dín ìyára rẹ̀ kù, bí ó bá sì gbóná jù, a pa ara rẹ̀. Bí agbára èyí tí ń tì jáde bá sì ju ti èyí tí ń fà wọlé lọ, gbogbo ihò ara àpótí ni yóò máa fa eruku. Ṣùgbọ́n bí èyí tí ń wọlé láti ẹnu asẹ́ bá pọ̀ jù, atẹ́gùn yóò máa gba àwọn ihò náà jáde, eruku kò sì ní rí ọ̀nà ẹ̀bùrú wọlé. Ẹ rántí aṣọ tí a fi ń sẹ́ ògì: bí ó bá nípọn jù, kì í ṣe èèrí nìkan ni yóò dá dúró, ògì pàápàá kò ní kọjá.

Eruku ọyẹ́ ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń ti Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad wá, láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta. Asẹ́ lè dá púpọ̀ nínú rẹ̀ dúró. Ṣùgbọ́n ọ̀rinrin òkun ńkọ́? Afasẹ́ gbèjò ń tan ara rẹ̀ jẹ. Bí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá ti kọjá nǹkan bí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún, iyọ̀ a yọ́ di omi lára irin, ìpẹtà a sì bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ sí tèmi nìyẹn.

Nísinsìnyí, mo gbé àpótí náà kúrò nílẹ̀. Mo ń fọ asẹ́ rẹ̀, mo sì ń jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa kí n tó dá a padà. Bí mo bá ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn eruku ara fáànù, mo máa ń yọ wáyà iná, mo sì ń fi ìka di abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ mú kí ó má baà yí. Aṣọ náà ṣì wà. Ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá ti kú, tí ó sì ti tutù, ni mo ń dà á bò ó.

Nínú wákàtí mẹ́ta ohùn ìyá àgbà, ogójì ìṣẹ́jú péré ni a rí gbà padà. Nígbà tí mo padà dé Ararọ̀mí láti tún bẹ̀ ẹ́, wọ́n ti sin ín. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀, ẹ má fi í sí ibi kan ṣoṣo, ẹ sì jẹ́ kí ilé tí ẹ fi í sí máa mí.

Ire o.