Nígbà Tí Omi Jẹ́ Títì Wa ní Ajah

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń jí láago mẹ́rin ìdájí ní Ajah kí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ má baà ká yín mọ́ ọ̀nà Èkó, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ẹni tó mọ ibi tí ẹ ń sùn yìí kó tó di ìlú, ó yẹ kó sọ bó ṣe rí.

Apẹja la jẹ́ nígbà náà, ọ̀sà níwájú, òkun lẹ́yìn, igi àgbọn láàárín. Omi ni títì wa. Ẹni tó ń lọ sí ọjà Ẹ̀bùté Ẹrò yóò ti di ẹja rẹ̀ sínú agbọ̀n láti alẹ́, àkùkọ kò ní tíì kọ tí wọn yóò fi ta ìgbòkun. Bí atẹ́gùn bá sì kọ̀, àjẹ̀ ló kù. Tó bá wá di ìrọ̀lẹ́, tí àwọn ìyá wa fi èèpo àgbọn dáná sábẹ́ ẹja lórí ààrò, èéfín yẹn pẹ̀lú òórùn àdín àgbọn tó ń hó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á gba gbogbo abúlé, débi pé ẹni tó ń bọ̀ lórí omi, imú rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ délé. Tọ́rọ́ la fi ń ra edé tí yóò to ọbẹ̀, kí ṣílè mẹ́wàá tó di náírà kan lọ́dún 1973.

Láyé Jákáńdè, tó ṣe gómìnà Èkó láti 1979 sí 1983, ni títì Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ bẹ̀rẹ̀. Inú wa dùn, torí aláboyún tí ìrọbí mú lóru kò tún ní máa wo ojú atẹ́gùn mọ́. Nígbà tí ìjọba ológun wó àdúgbò Màròkó lóṣù keje ọdún 1990, ọ̀pọ̀ ẹni tí kò nílé mọ́ kọjú sí apá ọ̀dọ̀ wa. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń wá ilẹ̀ tí owó rẹ̀ kò gani lára tẹ̀ lé wọn. A kì í lé àlejò, a gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí ni àbàtà. Púpọ̀ nínú ilẹ̀ tí ẹ ń pè ní ẹ́sítéètì, ibẹ̀ ni òjò máa ń dúró sí kó tó ṣàn lọ sọ́sà. Àwọn bàbá wa kì í kọ́lé síbẹ̀. Wọ́n fi í sílẹ̀ fún igi ẹ̀gbà, torí abẹ́ gbòǹgbò rẹ̀ ni ọmọ ẹja ti ń dàgbà, tí akàn sì ń gbé. Àwọn èèyàn ti rọ́ iyanrìn dí i báyìí, omi wá ń wọ pálọ̀ yín lóṣù kẹfà, ẹ ní omi ń dààmú yín. Ọ̀nà rẹ̀ ló ń wá.

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Kí ẹ tó sanwó púlọ́ọ̀tì, ẹ ya ọ̀dọ̀ àgbà apẹja ní Badore tàbí Langbasa, ẹ kúnlẹ̀ kí i, ẹ béèrè ibi tí omi ń gbà bí òjò bá pọ̀. Bó bá ní kí ẹ má kọ́lé síbẹ̀, ẹ má kọ́ ọ.