Ṣakabùlà Lọ́wọ́ Ọdẹ Òkè-Ògùn

Gbé ṣakabùlà nàró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọdẹ tó ni ín, ẹnu ìbọn náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan iwájú orí ọkùnrin náà; òmíràn tilẹ̀ wà tó ga ju olówó rẹ̀ lọ. Ọ̀pá irin gígùn kan ni, ó tín-ín-rín, ó dúdú, ihò rẹ̀ kò sì là já. Igi líle tí wọ́n gbẹ́ ni ìdí rẹ̀, èyí tí ọdẹ ń fi ti èjìká. Níbi tí irin àti igi ti pàdé, awọ ẹran ni ọ̀pọ̀ fi ń dì í: wọ́n á yí i mọ́ ọn ní tútù, á gbẹ síbẹ̀, á sì di ara ìbọn. Ẹlòmíràn á fi wáyà dì í, ẹlòmíràn á fi rọ́bà táyà. Lábẹ́ ọ̀pá ńlá ni ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan sùn sí, òun ni wọ́n fi ń kì í. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí ni irin títẹ̀ kékeré kan wà tí a ń fà sẹ́yìn kó tó lè bọ́ lu ojú iná, apátí sì wà nísàlẹ̀ níbi tí ìka ń dé. Ìyẹn náà ni gbogbo rẹ̀. Kò ní nọ́ńbà, kò sí orúkọ ilé iṣẹ́ kankan lára rẹ̀. Bí o bá rí ìyẹ́ awó tó gbẹ mọ́ ọn, ọwọ́ ọdẹ ló lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀.

Ní ilé ọdẹ ní Ṣakí, ní Ìṣẹ́yìn, ní Àgọ́-Àrẹ tàbí ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, ara ògiri ni ìbọn ń gbé, kì í gbé ilẹ̀. Ọmọdé kì í fọwọ́ kàn án. Bí ẹ̀tù kankan kò tilẹ̀ sí nínú rẹ̀, ẹni tó ń nù ún á dojú rẹ̀ kọ òrùlé. Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ní í jẹ́ kí wọ́n kọjú rẹ̀ kọ òun?

Alágbẹ̀dẹ ìlú ló ń rọ ọ́, ìdí nìyí tí owó rẹ̀ fi mọ níwọ̀n. Àgbẹ̀ tí iṣu tàbí ẹ̀gúsí rẹ̀ ṣe dáadáa lọ́dún kan lè ní tirẹ̀ láìjẹ gbèsè. Ṣakí tí wọ́n ń kì mọ́ Ògún kò ṣaláìní àgbẹ̀dẹ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí abúlé ńlá ní Òkè-Ògùn tí ewìrì kò ti ń fẹ́ iná rí. Ohun tó yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ mọ ìbọn yìí kọ́kọ́ mọ̀ ni pé kò sí méjì tó bá ara wọn dọ́gba. Alágbẹ̀dẹ kan náà lè rọ mẹ́ta láàárín oṣù kan, kí ọ̀kan gùn, kí ọ̀kan wúwo lórí, kí ẹ̀kẹta má fẹ́ràn ọta tó tóbi. Ẹni tó ra ìbọn ilé iṣẹ́ lè ka ìwé tó bá a wá. Ẹni tó ra ṣakabùlà, àfi kó gbé e wọ igbó kí wọ́n jọ kọ́ ara wọn.

Nítorí náà, bí o bá jókòó ti àwọn ọdẹ lábẹ́ igi ẹmi lẹ́yìn iṣẹ́, tí o bi wọ́n nípa ìbọn wọn, ìwà rẹ̀ ni wọ́n á sọ fún ọ, bí ẹni ń sọ ìwà àbúrò rẹ̀. Ẹnìkan á ní tòun máa ń ya sọ́wọ́ òsì, nítorí náà ọwọ́ ọ̀tún ẹran ni òun ń fojú sùn. Ẹlòmíràn á ní tòun ń jẹ ẹ̀tù: bí èyí tó rí kò bá yó o, ọta á kàn bọ́ sílẹ̀ nítòsí, ẹran á sì dúró wo ọdẹ díẹ̀ kó tó sá. Òmíràn kì í dún láàárọ̀ ọyẹ́ àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ fi ọwọ́ pa á lára kó gbóná. Mi ò mọ̀ bóyá ti ọwọ́ pípa yẹn rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó sọ ọ́ kì í ṣe ọmọdé. Ọdẹ àgbà kan ní Ṣakí fi èjìká rẹ̀ hàn mí, níbi tí ara ti le nítorí gbígbá tí ìbọn ń gbá a. Ó ní ìbọn náà ló kọ́ òun ní ìdúró: ẹsẹ̀ òsì síwájú, kí ara dẹ̀, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ má kan igi. “Èyí tó ń gbá ọ kò burú,” ó ní. “Èyí tó bá rọra dún ni kí o fura sí. Ẹ̀tù rẹ̀ ti kú.”

Kíkì rẹ̀ ni àlejò kì í lè fara dà. Ọdẹ á fìdí ìbọn tilẹ̀, á da ẹ̀tù sí i lẹ́nu láti inú àdó, kò sí òṣùwọ̀n kankan ju ojú àti àtẹ́lẹwọ́ tó ti mọ́ ọn lára lọ. Á ti àkísà tàbí èèpo tẹ̀ lé e, á fi ọ̀pá kì í mọ́lẹ̀. Ọta á wọlé, àkísà mìíràn á dí i kó má baà yí jáde, ọ̀pá á tún lọ, á tún bọ̀. Gbogbo èyí nínú koríko tó ga dé àyà, pẹ̀lú kòkòrò lójú àti òógùn lọ́rùn. Kó tó parí, ìgalà tí a ń tìtorí rẹ̀ ki ìbọn á ti sọdá odò Ọ̀fíkì.

Ibi tí ìbọn yìí ti sọ ọdẹ di ọdẹ nìyẹn, lójú tèmi. Ẹni tó ní ọta mẹ́wàá níkùn ìbọn lè ta èyí àkọ́kọ́ dànù. Ẹni tó ní ẹyọ kan kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà ó ń sún mọ́ ẹran títí ojú rẹ̀ yóò fi rí mímì etí ẹran. Ó ń da eérú sílẹ̀ láti mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ. Ó mọ ibi tí ẹtu ń là kọjá láàárọ̀, ó mọ igi irúgbá tí àparò ń sùn sí nítòsí. Lẹ́yìn wákàtí púpọ̀ ó lè sọ ìbọn kalẹ̀ láìyìn ín, kó padà sílé, kí ìyàwó rẹ̀ má bi í ní nǹkan kan.

Òjò ni ọ̀tá rẹ̀ gan-an. Láti oṣù kẹfà títí dé oṣù kẹsàn-án, ọdẹ ń fi ọ̀rá dì í lójú, ó ń gbé e sábẹ́ abíyá, síbẹ̀ ìrì lásán lè mú kí ó kọ̀. Á dún kẹ́kẹ́, kò ní ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà mìíràn á kọ̀, á dákẹ́, á wá dún lẹ́yìn tí ọdẹ ti fẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀; àwọn àgbà kì í yí ẹnu rẹ̀ sí ibòmíràn àfi lẹ́yìn tí wọ́n bá ti mí dáadáa. Bí ó bá sì dún tán, èéfín funfun á bo ojú pátápátá, ọdẹ kò ní mọ̀ bóyá ó bá a tàbí kò bá a. Ó gbọ́dọ̀ fi etí gbọ́ ọ: ṣíṣubú ẹran yàtọ̀ sí sísá rẹ̀.

Ní alẹ́, iná orí ni wọ́n ń lò. Láyé àtijọ́, fìtílà kábáàdì ni, tó ń rùn. Ní báyìí, tọ́ọ̀ṣì orí tí wọ́n ń kó láti Ṣáínà ló gbòde. Iná á bá ojú ẹran, ojú á tàn padà, ọdẹ tó mọṣẹ́ á ti mọ irú ẹran tó jẹ́ nípa àwọ̀ àti bí ojú méjèèjì ṣe jìnnà síra. Èyí tí kò mọṣẹ́ á yin ewúrẹ́ ẹlòmíràn níbọn, á sì san án. Ìyẹn ṣì dára. Mo ti rí ọwọ́ òsì tí ìka rẹ̀ kò pé, nítorí pé ọ̀pá ìbọn fọ́ mọ́ ẹni tó gbá a mú lọ́wọ́: irin àtijọ́, ẹ̀tù tó pọ̀ jù, ìpata tó ti jẹ inú láìsí ẹni tó rí i. Àwọn tó ń ya àwòrán ọdẹ Yorùbá sórí kàlẹ́ńdà, tí ìbọn ń dán lọ́rùn wọn, kì í ya ọwọ́ yìí.

Kì í ṣe pé àwọn ará ibí kò mọ ìbọn tó dára ju ṣakabùlà lọ. Nínú ogun Kírìjì, láti 1877 sí 1893, àwọn Èkìtìparapọ̀ rí ìbọn Snider àti Martini-Henry gbà láti Èkó, ìbọn tí a ń kì láti ẹ̀yìn, ojú àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn sì rí màbo. Ní 1916, nígbà tí Ìṣẹ́yìn àti Òkèhò dìde sí ìjọba amúnisìn, ìjọba fi àwọn ọmọ ogun tí ìbọn wọn yára jù ú lọ tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ogun Bọ́mà dé. Láàárín 1943 sí 1945, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tó wà nínú ẹ̀ka ọmọ ogun kọkànlélọ́gọ́rin àti ìkejìlélọ́gọ́rin ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà di Lee-Enfield mú nínú igbó ibẹ̀. Ọta 10 ń wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ ogun á gbé irin etí rẹ̀ sókè, á fà á sẹ́yìn, á tì í padà, ọta mìíràn ti dúró. Irú ìbọn yìí kan náà ni àwọn ọlọ́pàá Nàìjíríà ń gbé kiri títí lẹ́yìn òmìnira. Mark 4 ni àwọn ènìyàn mọ̀ ọ́n sí, ariwo rẹ̀ sì ni àwọn àgbẹ̀ Agbẹ́kọ̀yà gbọ́ ní 1968 àti 1969 nígbà tí wọ́n gbé ṣakabùlà jáde nítorí owó orí. Ọkùnrin tó ti fi irú rẹ̀ jagun lókè òkun padà wálé, ó gbé ìbọn bàbá rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sì wọ igbó. Kí ló tún fẹ́ ṣe? Ọta Mark 4 kò sí ní ọjà Ṣakí.

Òfin náà mọ ìyàtọ̀ láàárín ṣakabùlà àti irú ìbọn yẹn. Òfin Ìbọn ọdún 1959 pín ìbọn sí ọ̀wọ́ mẹ́ta: àwọn tí ará ìlú kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn láìsí àṣẹ láti òkè pátápátá, àwọn tí a lè ní fún ìlò ara ẹni, àti àwọn tí a ń kì láti ẹnu. Ọ̀wọ́ kẹta ni ṣakabùlà wà, òun náà sì ní ìwé àṣẹ tirẹ̀ lójú òfin. Ìbọn ọdẹ tí a ń fa irin etí rẹ̀ wà nínú ọ̀wọ́ kejì, ọ̀dọ̀ ọ̀gá ọlọ́pàá ni ìwé rẹ̀ ti ń wá. Nílẹ̀ òyìnbó, irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ni ìbọn mẹ̀kúnnù: wọ́n ń tà á ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn tó rà á sì ń ṣe àríyànjiyàn lórí bóyá ó ta ọta sójú kan. Ní Òkè-Ògùn, ẹni tó ní ọ̀kan ni a ó máa bi léèrè pé níbo ni ó ti rí i.

Igbó náà kò fẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Igbó Ọ̀yọ́ Ilé tí ìjọba sọ di ibi ìpamọ́ ẹran ní 1952, tó di ọgbà orílẹ̀-èdè ní 1991, kò gba ọdẹ láàyè, ẹfọ̀n àti àwọn ẹran ńlá tó kù sì wà nínú rẹ̀. Lóde, ọ̀yà, ehoro, awó àti ẹtu ló kù fún ṣakabùlà, ó sì tó wọn. Ohun tí kò tó ni iṣẹ́ tuntun tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́. Láti ìgbà tí àwọn gómìnà Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn ti ṣí ẹ̀ṣọ́ ààbò Àmọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 9 oṣù kìíní ọdún 2020, ọ̀pọ̀ ọdẹ ló ti wọ iṣẹ́ ààbò, wọ́n sì mọ igbó ju ẹnikẹ́ni lọ. Ṣùgbọ́n ajínigbé kì í dúró kí ènìyàn ki ìbọn. Ìbọn tó mọ níwọ̀n fún àparò, owó ẹ̀mí ni wọ́n fi ń rà á níwájú AK-47, mi ò sì gbà pé ìgboyà ọdẹ ló yẹ kí ìjọba fi dí àlàfo yẹn.

Nígbà tí ọdẹ bá kú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á ṣe ìṣípà fún un, wọ́n á sun ìrèmọ̀jé, ìbọn rẹ̀ á sì di ti ọmọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ yìí ń wa ọ̀kadà tàbí ń ta fóònù ní Ìṣẹ́yìn. Wọn kò mọ ọ̀nà tí ẹtu ń là. Wọ́n ń gbé ìbọn náà jáde fún ìnáwó nìkan, wọ́n á dojú rẹ̀ kọ òkè, ẹ̀tù ni wọ́n á kì sí i láìsí ọta. Mo mọ ìbọn kan ní Ṣakí tó gbajúmọ̀ fún kíkọ̀ nígbà ayé olówó rẹ̀. Gbogbo ẹgbẹ́ ló mọ̀ pé ó lè kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójú ìmàdò kan ṣoṣo. Níbi òkú, kò kọ̀ rí. Mo bi ẹni tó jogún rẹ̀ léèrè ohun tó fà á. Ó ní bàbá òun máa ń fi ẹ̀tù ṣahun. Níbi òkú, àwọn olókùú ló ń ra ẹ̀tù.