Hẹn-ẹn, À ń Gbọ́

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe kọ́ọ̀sì ìlò èdè ò ní gbàgbé Grice. Ní 1975 ni iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìtàkurọ̀sọ jáde: má sọ jù, má sì sọ kéré jù, má parọ́, má yà bàrá, jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ yéni. A há a sórí, a kọ ọ́ sínú ìdánwò, a sì rí máàkì gbà. Àmọ́ nínú yàrá wa ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, a ò mọ ọ̀rọ̀ í sọ.

Àwa mẹ́rin la jọ ń gbé. Bàbá ọ̀kan nínú wa kú ní sáà tó kọjá. Nígbà tó ti ilé dé, ohun tó bá ti wà lẹ́nu kálukú la fi pàdé rẹ̀. "Pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á tù ẹ́ nínú." "Wọ́n ti lọ sinmi." Ẹnì kan tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn bí ìyá àgbà tirẹ̀ náà ṣe kú, láti ọsibítù títí dórí ìrẹsì òkú tí kò kárí. Ẹni tí bàbá rẹ̀ kú ló wá ń bá a kẹ́dùn! Ká má tan ara wa, ẹ̀rù ló ń bà wá. A fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tán kíá. Ó sì tán lóòótọ́: ọ̀rẹ́ wa ò sọ ọ́ mọ́. Bí a bá ní, "Báwo ni?" á ní, "Mo wà." Á kọjú sí ògiri.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, iná lọ. Fóònù ti kú, ooru mú, la bá gbé bẹ́ńṣì jáde sí kọ̀rídọ̀. A ò rí ojú ara wa dáadáa. Ọ̀kan nínú wa ṣàdédé bi í pé, "Kí ni Dádì máa ń pè ẹ́ nílé?"

Ó dákẹ́ títí. A rò pé a tún ti bà á jẹ́.

Ó ní, "Àkànní."

Láti 100 level, a ò gbọ́ orúkọ yẹn rí.

Ó wá bẹ̀rẹ̀. Ó sọ ti ọkọ̀ akérò tí bàbá ń wà, bí wọ́n ṣe máa ń fọwọ́ lu ilẹ̀kùn ọkọ̀ bí rédíò bá gbé fújì sí i. Ó sọ ti ìjà tí àwọn méjèèjì jà, pé Yorùbá ló fẹ́ lọ kà, kì í ṣe ìmọ̀ òfin. Wọn ò parí ìjà yẹn kí bàbá tó kú. (Ó ti ka ibí yìí, òun ló ní ká má yọ ọ́.) Ó sọ ìtàn kan lẹ́ẹ̀mejì, ó fò síbí, ó fò sọ́hùn-ún. Grice ì bá gé máàkì rẹ̀. Àwa ń ṣe "hẹn-ẹn," bí a ṣe máa ń dáhùn "Ààlọ̀!" ní kékeré. "Wọ́n wá ní kí ni?" Kò sẹ́ni tó sọ ti ìyá àgbà.

Nǹkan bí aago méjì òru, iná dé. Gbogbo họ́sítẹ́ẹ̀lì pariwo "Up NEPA!" Kò sẹ́ni tó dìde lọ ki fóònù bọ iná.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, ó bi wá pé, "Níbo ni mo bá a dé?"

A sọ ibi tó bá a dé fún un.